Àbámẹ́ta Tí Kò Ní Èènì

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá

Ohun tó ti bàjẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́ yìí, àti ẹni tó ti mọ̀ kí n tó mọ̀:

Ọkọ̀ ńlá tó yẹ kó gbé èmi àti Màmá sọdá sí erékùṣù kejì ti lọ fún àtúnṣe. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń wúkọ́. Àbúrò mi mọ̀. Onígbàjámọ̀ ni, àwọn atukọ̀ ló ń fá orí fún, láti Àbámẹ́ta ni wọ́n ti sọ fún un lórí àga. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní òun rò pé mo ti mọ̀, ṣebí èmi ni mo máa ń mọ gbogbo nǹkan.

Ọkọ̀ kékeré ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Yóò ṣí níbí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, yóò gúnlẹ̀ lọ́hùn-ún ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, yóò sì yí padà ní alẹ́ Àbámẹ́ta yẹn kan náà. Òmíràn, ó di ọ̀sẹ̀ méjì. Obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní èbúté mọ̀. Mo pè é títí lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò sọ. "Ẹ ò bèèrè" ló fi dá mi lóhùn. Òótọ́ ni. Mo bèèrè bí bẹ́ẹ̀dì ṣe fẹ̀ tó, mo bèèrè bóyá fèrèsé yàrá ń ṣí, mi ò bèèrè bóyá ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wà.

Líìfù mi, ìsinmi tí mo gbà lẹ́nu iṣẹ́, ńkọ́. Ọ̀gá ti fọwọ́ sí odindi ọ̀sẹ̀ kan fún mi, ó tún ti gbà á padà, wọ́n fẹ́ ka ọjà inú ilé ìkẹ́rùsí látòkè délẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì nìkan ló fi sílẹ̀ fún mi. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí n wà lórí àga mi. Akọ̀wé rẹ̀ mọ̀. Láti àná ló ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi bí ẹni tó fẹ́ yá owó.

Gbogbo rẹ̀ pọ̀: ìrìn àjò ọ̀sẹ̀ kan ti di ọjọ́ kan. Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún, láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Màmá yóò dúró ti àbúrò rẹ̀ lọ́hùn-ún títí ọkọ̀ mìíràn yóò fi dé. Èmi yóò yí padà bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé.

Ó yẹ kí inú máa bí mi. Ó ń bí mi. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí ẹnìkan ń kọrin nínú balùwẹ̀ lónìí, èmi nìkan ni mo sì wà níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Mo mọ ohun tó ń ṣe mí. Ó-Kù-Díẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, kí n lè rí i kà lọ́jọ́ tí orí mi bá padà sípò.

Táìlì ni ilé iṣẹ́ wa ń tà. Èmi ni mò ń kó o ránṣẹ́ láti ibí, òun ló ń gbà á lọ́hùn-ún. Ọdún márùn-ún rèé. Mi ò rí i rí, àfi nínú fọ́tò. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ dára, ṣùgbọ́n Ó-Kù-Díẹ̀ ló bá a mu. Ṣé o ti ka ẹrù? Ó ku díẹ̀. Ṣé o ti rí àwọn alágbàṣe? Ó ku díẹ̀. Ṣé ibi tí a fẹ́ kó o sí ti mọ́? Ó ku díẹ̀, ọ̀gá mi. Bẹ́ẹ̀ ohùn rẹ̀ kì í sáré. Bí ẹni tó ń tu ọmọdé lójú oorun ló ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi èènì sí ọjọ́. Bí ọlọ́jà ṣe máa ń bu díẹ̀ lé ohun tí èèyàn rà, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń bu ọjọ́ kan lé tèmi. Bí táìlì yóò bá dé lọ́jọ́rú, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo máa wí. Kò bàjẹ́ rí. Nígbà tí ọkọ̀ bá fi máa gúnlẹ̀, ibi ti mọ́, alágbàṣe ti jókòó. Nílé ẹ̀kọ́ ìṣòwò, wọ́n ní orúkọ gígùn kan tí wọ́n ń pè é, wọ́n sì fi odindi sáà kan kọ́ wa. Mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì, mò ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ Màmá ni wọ́n ń sọ. Láti kékeré, bí a bá fẹ́ jáde ní aago mẹ́wàá, aago mẹ́sàn-án la máa ń wí fún Màmá.

Ìjà ló fà á tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí lẹ́yìn iṣẹ́. Táìlì fọ́. Ta ló fọ́ ọ? Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin kẹ̀? Láti orí ìyẹn dé orí òjò, láti orí òjò dé orí eyín tó ń dùn ún, àti bó ṣe ń bẹ̀rù oníṣègùn eyín. Lọ́jọ́ kan ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́. Gbogbo àfọ́kù táìlì tí a ti jà lé lórí, kò da ìkankan nù. Ó ti lẹ̀ wọ́n mọ́ ara ògiri ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, aró, funfun, ewé, àwọ̀ ilẹ̀, ó kún ògiri láti ìsàlẹ̀ dókè. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Gbogbo ìjà wa rèé."

Mo kọ́kọ́ bínú pé ọjà ilé iṣẹ́ ni. Lẹ́yìn náà mo fi ògiri yẹn sí ojú fóònù mi. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Lóṣù méjì sẹ́yìn ó ní ọ̀rọ̀ kan wà tí òun fẹ́ bi mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù, ojú kojú ni. Mo ní kó bi mí kíá, mo ní ìpàdé. Ó ní rárá, òun yóò dúró. Ọkùnrin tí kò lè tètè ka ẹrù, ó lè dúró.

Lọ́jọ́ kejì mo ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo sọ fún gbogbo ayé pé Màmá fẹ́ lọ kí àbúrò rẹ̀. Màmá fẹ́ lọ kí àbúrò rẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sá sí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Màmá ti sọ fún gbogbo àdúgbò. Ẹrù ti ń dé. Ìyá tó ń rán kọ́tìnnì ní òpin àdúgbò wa fẹ́ kí a bá òun gbé aṣọ kan, ó gùn tó ilẹ̀kùn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì gbé aago ara ògiri wá fún ọmọ rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń lù, kò sì sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń pa á lẹ́nu mọ́. Mo ní Màmá, a kì í ṣe oníléèṣẹ́ akẹ́rù. Wọ́n ní ṣé orí mi ni yóò gbé e ni, àbí ọkọ̀. Mo ní ọkọ̀ kékeré ni. Wọ́n ní ẹ̀rù ò gbọdọ̀ ba ọkọ̀ tó ń rìn lórí omi, tí aago ara ògiri bá lè rì í, a jẹ́ pé kò yẹ ká wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Aago náà ti wà nínú àpótí. Ó ń lù níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo sá kúrò níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án, mo lọ sí èbúté láti lọ pààrọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì. Obìnrin ojú fèrèsé yẹn, tó ní n ò bèèrè: mo ti sọ ọ́ ní Ìyá Fèrèsé. Ó ń jẹ ṣíngọ́ọ̀mù, kò wojú mi, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ràn èèyàn bẹ́ẹ̀.

Pátákó ẹ̀yìn rẹ̀ ní aago mẹ́fà ni ọkọ̀ yóò ṣí. Mo ní ṣé aago mẹ́fà gangan. Ìgbà yẹn ló tó gbójú sókè. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní mẹ́fà ti pátákó ni, méje ni ọkọ̀ ń ṣí, bí àwọn bá kọ méje síbẹ̀, mẹ́jọ ni gbogbo wa yóò máa wọ́ dé pẹ̀lú àpò lórí.

Díẹ̀ ló kù kí n na ọwọ́ gba inú fèrèsé yẹn kí n dì mọ́ ọn. Ẹlẹgbẹ́ mi ni. Èènì lòun náà ń fi sí i.

Ó ní ta ló ń dúró dè wá lọ́hùn-ún. Mo ní àbúrò màmá mi. Ó lu tíkẹ́ẹ̀tì ní òǹtẹ̀, ó tì í sí mi. Ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, òun ò tíì rí ẹni tó pààrọ̀ yàrá nítorí pé ó fẹ́ kí dígí wà níbẹ̀ láti fi wo ojú, kó wá jẹ́ pé àbúrò màmá rẹ̀ ló ń lọ kí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Mo sọ fún Ó-Kù-Díẹ̀ pé àárọ̀ Àbámẹ́ta la máa gúnlẹ̀, alẹ́ Àbámẹ́ta ni mo máa padà. Ó ní ó dára, ọ̀gá mi. Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Mo ti pín Àbámẹ́ta sí wákàtí. Gígúnlẹ̀. Gbígba ẹrù. Kíkí Ìyá Kékeré — àbúrò Màmá nìyẹn, bó o bá jókòó tì í, oòrùn á wọ̀, nítorí náà ìdajì wákàtí péré. Ògiri táìlì, lílọ wò ó. Oúnjẹ. Lẹ́yìn oúnjẹ: ìbéèrè.

Ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi ni mo wà tí mò ń kọ ọ́, ó ń gé etí irun mi. Ó yọjú wò ó láti ẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ìbéèrè. Ìdáhùn wá ńkọ́?"

Mo ní ìdáhùn ò gba àkókò.

Ó pa ẹ̀rọ. Gbogbo àwọn tó jókòó lórí ìjókòó tí wọ́n ń dúró de ìfárí kọjú sí mi. Mo ní kó gé irun mi, kó yé yọjú sí ètò mi. Ó tan ẹ̀rọ padà. Ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n lọ́wọ́ débi pé apá òsì ga ju apá ọ̀tún lọ báyìí. Bẹ́ẹ̀ ni n ó ṣe lọ. Ẹni tó bá fẹ́ràn mi yóò dúró sápá òsì.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Màmá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ọkọ̀. Mo ti sọ bó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó fún wọn. Ni wọ́n bá gbé ìjókòó gígùn inú pálọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n di ọwọ́ mọ́ àyà, wọ́n ní kí n máa mi ìjókòó náà díẹ̀díẹ̀ bí omi. Mò ń mì í. Mo kàwé gboyè lórí ìṣòwò, mò ń mi ìjókòó.

Lójú dídì ni wọ́n ti bi mí. "Ṣé ó ga?"

Mo ní kí ló ga.

"Ọkùnrin oní-táìlì."

Mo dá ìjókòó dúró. Wọ́n ní kí n máa mì í lọ, òkun kì í dúró. Wọ́n ní ògiri ẹlòmíràn kì í dédé wà lójú fóònù obìnrin. Mo ní mi ò mọ̀ bóyá ó ga, láti àyà rẹ̀ sókè nìkan ló máa ń wà nínú fọ́tò. Wọ́n ní ó dára, àwọn yóò bá mi wo ìyókù.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

A bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjà. Eruku, páálí, àkàbà. Ọ̀gá ní òun ò rí ẹni tó ń ka táìlì pẹ̀lú orin rí. Mo ní kó fún mi ní líìfù mi padà, yóò bọ́ lọ́wọ́ orin. Ó rìn lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Oúnjẹ ò wọlé. Mo tún jẹ ẹ́, ó wọlé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Ó ti dàrú.

Ìyá Kékeré pè mí lọ́sàn-án, inú wọn ń dùn. Ọmọkùnrin kan wá kí wọn, ó ní òun ń bá mi ṣiṣẹ́, ó bá wọn tún ẹ̀rọ omi tó ń jò ṣe, kò gba nǹkan kan. "Ọmọ mi, ó ga o." Mo ní ẹ ṣeun, Ìyá Kékeré. Wọ́n ní ó ti bá àwọn ṣètò ìgbà tí àwọn yóò dáná: ọjọ́ Àìkú.

Mo ní Àbámẹ́ta la ń bọ̀.

Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà wí fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ̀ mí, tí mo bá ti wí Àbámẹ́ta, Àìkú ni. Ó tún mú wọn lọ wo pátákó èbúté wọn lọ́hùn-ún: ọkọ̀ ńlá ló ṣì wà lójú rẹ̀, ọjọ́ Àìkú ni ọkọ̀ ńlá sì máa ń dé. Kò sẹ́ni tó tíì pa á rẹ́. "Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jọ ọ̀rọ̀ àgbàlagbà," Ìyá Kékeré ní, "ọjọ́ Àìkú ni mo ń dáná."

Mo ní níbo ni yóò wà ní Àbámẹ́ta. Wọ́n ní ó fẹ́ gbé táìlì lọ fún oníbàárà kan lórí òkè, láàárín erékùṣù, kó lè parí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kí n tó dé. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni yóò gbéra, alẹ́ Àbámẹ́ta ni yóò sọ̀ kalẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí níbẹ̀.

Nígbà tí lọ́rì rẹ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ọkọ̀ mi ń fi èbúté sílẹ̀.

Mo pè é lójú ẹsẹ̀. Mo ní Àbámẹ́ta ni, òótọ́ ni ti ọ̀tẹ̀ yìí. Ó ní, "Ọ̀gá mi, òótọ́ náà ni ti oṣù Kẹfà." Mo ní mo búra. Ó ní mo búra lórí àwọn táìlì aláwọ̀ ewé, ọjọ́ kejì ni wọ́n dé. Mo ya fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì, mo fi ránṣẹ́. Ó ní fọ́tò lọ́rì tó kún fún ẹrù tí mo fi ránṣẹ́ nígbà kan ńkọ́, ṣé kì í ṣe lọ́rì ọdún tó ṣáájú ni. Lọ́rì ọdún tó ṣáájú ni. Ó ní kí n má ṣèyọnu, láàárọ̀ Àìkú òun yóò ti fá irùngbọ̀n, òun yóò ti wà létí omi, òun ò ní sọ pé ó ku díẹ̀.

Ìbànújẹ́ rẹ̀ ni pé ẹ̀rín pa mí. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, òun náà ń rẹ́rìn-ín, a wá sọ pé ó dàbọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín páálí táìlì. Ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ ọkùnrin yìí pé kó máa yọ ọjọ́ kan kúrò nínú ọ̀rọ̀ mi. Ó ti mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo darí dé láti ibi iṣẹ́, Màmá ti wọṣọ. Wọ́n ti di gèlè. Wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, aago tíṣà ń lù lábẹ́ wọn.

Mo ní Màmá, ọ̀la ni. Mo mọ ẹni tó jẹ̀bi rẹ̀. Mo pe àbúrò mi, mo ní ṣé òun ló sọ fún Màmá pé òní ni. Ó ní òun kàn fi ọjọ́ kan sí i ni, nítorí ẹ̀rù. Mo ní èmi náà ti fi wákàtí mẹ́ta sí i. Ó ní ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sọ fún mi. Báyìí ni ilé wa ṣe rí. Àwa méjèèjì, ẹnì kan ò mọ aago.

Màmá ní kí n gbé fóònù sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé ọ̀la ni.

Mo ní ẹ mọ̀.

Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ láti ìgbà tí àwa méjèèjì ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. "Ẹ máa ń lé e, èmi náà máa ń yọ ọ́. Ẹ bá wí mẹ́sàn-án, mo ti mọ̀ pé mẹ́wàá ni. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wí mẹ́jọ, mo yọ méjì. Ìdí tí mo fi máa ń pẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ ń mú mi pẹ́."

Mo ní kí ló wá dé tí ẹ ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà lónìí.

Wọ́n tún gèlè ṣe. Wọ́n ní àwọn ò rí àbúrò àwọn láti ìgbà tí eyín àwọn ti pé. Wọ́n ní òde tí èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ lọ ni èèyàn ń yọ wákàtí lórí rẹ̀. "Èyí, ó wù mí láti lọ. Mi ò fẹ́ yọ nǹkan kan níbẹ̀."

Mo wọ yàrá. Mo bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, mo gbàgbé èkejì. Ohun tí mo kọ sí Ó-Kù-Díẹ̀ rèé, mo tún un kọ síbí kí ó má bàa dà bíi pé mo lá àlá:

"Mo máa ń fi ọjọ́ kan ṣe èènì. O mọ̀, mo mọ̀ pé o mọ̀, a ò sọ ọ́ rí. Mi ò bẹ̀bẹ̀ fún un, iṣẹ́ ni, kò sì sí ẹrù mi kan tó sùn síta rí. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ẹrù. Àárọ̀ Àbámẹ́ta ni mò ń dé, alẹ́ Àbámẹ́ta ni mò ń lọ. Mi ò fi nǹkan kan sí i. Má yọ nǹkan kan níbẹ̀. Ó wù mí láti rí ọ."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn, mi ò kọ irú rẹ̀ sí ẹnikẹ́ni rí. Mo tẹ̀ ẹ́ kí n tó padà di ọ̀gá.

Ó ti kà á. Mo rí àmì rẹ̀. Kò fèsì.

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́, láàárọ̀

Mo pè é. Fóònù rẹ̀ ti kú. Ó ti gun òkè.

Màmá ní kí n fi ìpara ra ojú mi kí a máa lọ. Mo ní kò sí ohun tó ṣe ojú mi. Wọ́n ní kí n ṣáà rà á.

Ọjọ́ Ẹtì yẹn náà, nínú ọkọ̀

Kíkọ yìí ò dára, ọkọ̀ ló ń mì. Àbí èmi.

Mo fẹ́ kọ ọ́ tẹ̀léra. Àbúrò mi gbé wa dé èbúté. Nígbà tó rí ọkọ̀, ó ní ọpọ́n ni wọ́n fẹ́ fi gbé àwọn èèyàn òun lọ sínú òkun. Ọpọ́n ló ń jẹ́ báyìí. Ọ̀dà funfun, ìpẹtà níbi ìdákọ̀ró, àga tí wọ́n dè mọ́lẹ̀, òórùn epo. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Màmá wọlé bí ẹni tó ni ín. Kí a tó rí yàrá, wọ́n ti kí ọ̀gá atukọ̀, wọ́n ti bi alásè ọkọ̀ bóyá ó ti gbéyàwó, wọ́n ti fi aṣọ kọ́tìnnì yẹn lé ọwọ́ ọkùnrin méjì tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ọkọ̀ rárá, èrò bíi tiwa ni wọ́n. Wọ́n gbé e.

Aago mẹ́fà lù nínú àpótí. Ọkọ̀ ò mira. Gbogbo èrò ń kùn. Èmi àti Ìyá Fèrèsé wo ara wa láti òkèèrè, ó ń jẹ ṣíngọ́ọ̀mù rẹ̀. Aago méje, ọkọ̀ fun fèrè. Ó juwọ́ sí mi. Àbúrò mi náà juwọ́ létí omi, ó ń kéré lọ, ó ń fi ọwọ́ hàn mí ní apá òsì orí mi pé kí n má gbàgbé.

Mo ti gba kámú. Mo dúró lẹ́bàá irin etí ọkọ̀, mò ń tún Àbámẹ́ta mi pín sí wákàtí láìsí Ó-Kù-Díẹ̀ níbẹ̀. Kíkí Ìyá Kékeré: gbogbo ọjọ́. N ó lọ wo ògiri táìlì láti ìta, bí ẹnu ọ̀nà bá wà ní títì.

Fóònù mi gbọ̀n.

Fọ́tò ni ó kọ́kọ́ wọlé. Ìjókòó onírin kan, omi lẹ́yìn rẹ̀, pátákó èbúté — tiwọn lọ́hùn-ún. Ẹnìkan ti fi ẹfun fa ìlà pa ọjọ́ Àìkú rẹ́ níbẹ̀, ó kọ Àbámẹ́ta sí i. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn. Bó ṣe ń kọ ọ́ sára páálí táìlì nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá tẹ̀lé e. Ó ní òun ka èyí tí mo kọ, òun ò mọ ohun tí òun yóò fi dá mi lóhùn, ni òun bá lọ wá awakọ̀ mìíràn tí yóò gbé táìlì gun òkè. Ibi tó ti ń wá a kiri ni bátìrì fóònù rẹ̀ kú sí. Ọlọ́dẹ èbúté ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a fi sí iná.

"Èbúté ni mo wà báyìí. Mi ò yọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ rẹ. Èmi ni mo fi ọjọ́ kan ṣe èènì sí tèmi. Ọlọ́dẹ ní ìgbà wo ni ọkọ̀ tí mò ń dúró dè fẹ́ dé. Mo ní ó ku díẹ̀."

Mo kà á lẹ́bàá irin, mo kà á lórí àtẹ̀gùn, mo kà á nínú yàrá. Màmá ti dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀, ọwọ́ lórí àyà, gẹ́gẹ́ bí a ṣe kọ́ ọ. Wọ́n ní kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní iṣẹ́ ni, Màmá. Wọ́n ní iṣẹ́ ń dùn o.

Etíkun ti ń jìnnà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kù bíńtín. Mo kọ èyí, mo sì rí i tó lọ:

"Lọ sílé lọ sùn, o ò ní fi ojú rírọ̀ pàdé màmá mi. Padà wá láàárọ̀. Mo ti fagi lé gbogbo ètò tí mo ṣe fún ọ̀la, mi ò dúró de ẹ̀yìn oúnjẹ mọ́. Ìbéèrè tí o ní o fẹ́ bi mí lójú kojú, bi mí láàárín ibi tí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ àti géètì èbúté. N ó rọra rìn. Bí a bá dé géètì tí o kò tíì la ẹnu, èmi ni n ó bi ọ́, wàá sì dáhùn kí a tó jáde. Géètì ni gbèdéke. Kò ní èènì."